Bàbá Nọ́ńbà 7 Ti Tún Gbéra O

Ẹ bá mi kí Bàbá Nọ́ńbà 7, ẹ kú ìrìn o sà. Ọkùnrin yìí lórúkọ tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ àtìgbà tọ́mọ ẹ̀ ti pé ọdún 8 tó sì wọ tíìmù béèsìbọ́ọ̀lù lorúkọ yẹn ti sọnù. Nọ́ńbà 7 ló wà lẹ́yìn jẹ́sì ọmọ, òun náà ló wà lẹ́yìn tíṣáàtì bàbá, lẹ́yìn tíṣáàtì ìyá, lára gíláàsì mọ́tò, lára kúlà omi, àti lára aṣọ ajá. Ajá ọ̀hún ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé ẹ̀.

Káwọn òbí máa gbé ọmọ rìnrìn àjò lọ gbá béèsìbọ́ọ̀lù nílùú míì, travel ball ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Little League, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ti wà láti 1939, ní Williamsport ní Pennsylvania, ohun tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún ò ju pé kọ́mọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, kó sì délé kílẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn ti di ti ará oko báyìí. Bẹ́ ẹ ò bá tíì wakọ̀ wákàtí mẹ́fà, kẹ́ ẹ gba ìpínlẹ̀ méjì kọjá, ṣé bọ́ọ̀lù nìyẹn? Wọ́n á wá débẹ̀ tán, ta ni wọ́n máa bá gbá? Tíìmù tí pápá wọn ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé Bàbá Nọ́ńbà 7, táwọn náà wa wákàtí mẹ́fà tiwọn wá.

Owó ńkọ́? Òfin kan wà tó ń jẹ́ stay to play, hòtẹ́ẹ̀lì táwọn tó ṣètò ìdíje bá fọwọ́ sí nìkan lẹ gbọ́dọ̀ sùn, tó o bá lẹ́gbọ̀n-ọ́n nílùú yẹn tó ní yàrá òfìfo, o ṣáà lè bá wa kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti san owó ìdíje, ẹ ó tún san owó géètì kẹ́ ẹ tó wọlé wo ọmọ tẹ́ ẹ fúnra yín bí. Igi tọ́mọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù lè tó 300 sí 400 dọ́là, ọmọ tí ò tíì lè so okùn bàtà ẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, mo gbà, àmọ́ ṣé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ọjà lẹ ó wá kó sídìí ọmọ ọdún 8 ni?

Ẹ wá wo pápá láàárọ̀ Sátidé. Bàbá ti dúró sẹ́yìn wáyà, ó ń pariwo "Wo bọ́ọ̀lù! Wo bọ́ọ̀lù!" bí ẹni pé nǹkan míì lọmọ ń wò. Òótọ́ ni, labalábá lọmọ ń wò. Ọmọ ọdún 16 tó ń ṣe ọ́ńpáyà, ìyẹn rẹfirí, tó kàn wá fi wíkẹ́ńdì wá owó kékeré, bàbá tó lọ́gbọ̀n òṣìṣẹ́ lábẹ́ níbi iṣẹ́ ti ń nàka sí i lójú. Ìyá ní tiẹ̀ ti ṣí áàpù GameChanger kí ìyá àgbà lè rí i nílé, lójú ẹsẹ̀, pé ọmọ ọmọ òun kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Eré yìí kan náà, àgbà ọ̀jẹ̀ tó bá rí mẹ́ta gbá nínú mẹ́wàá, ìràwọ̀ ni, àmọ́ kí Nọ́ńbà 7 tàsé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí tí wọ́n fi máa dé hòtẹ́ẹ̀lì.

Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní sikọ́láṣípù ni. Ah! Ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé sikọ́láṣípù 11.7 ni òfin fún yunifásítì Division I kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì, láti pín láàárín ọmọ 27 tó ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù. Mo ti ronú ronú lórí point 7 yẹn, ṣé orí ọmọ ni wọ́n ń dá padà sílé ni àbí ẹsẹ̀? Wọ́n ti yí òfin yẹn padà ní 2025, ṣùgbọ́n ká ní owó hòtẹ́ẹ̀lì ọdún mẹ́wàá wà ní báńkì, ọmọ ì bá ti san owó ilé ìwé ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ti MLB gan-an, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tíìmù 30, èèyàn 26 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 780 àyè lápapọ̀, Bàbá Nọ́ńbà 7 sì ti mọ èyí tó jẹ́ tọmọ tiẹ̀. Kí wọ́n tiẹ̀ mú un nígbà draft, ìgbà táwọn tíìmù máa ń ṣa ọmọ tuntun, ẹ rò pé wọ́n máa sinmi? Tíìmù 120 ló wà nínú àwọn líìgì kéékèèké nísàlẹ̀ MLB lọ́hùn-ún, wọ́n á máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì tíìmù láti ìlú kékeré dé ìlú kékeré, ọmọ á jókòó lórí bẹ́ǹṣì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún bó ṣe jókòó.

Apá ọmọ ńkọ́, ẹ má bi mí. Little League ní ọmọ ọdún 8 kò gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 50 lọ lóòjọ́, kó wá ju ti tíìmù yìí láàárọ̀, ti tíìmù kejì nírọ̀lẹ́, ta ló ń kà á?

Alẹ́ ọjọ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọmọ ti pé 13, ó ní òun ò ṣe bọ́ọ̀lù mọ́, fèrè lòun fẹ́ máa fọn. Yàrá dákẹ́ lọ gbáà. Ìyá wo bàbá, bàbá wolẹ̀, ó wá rọra fa fóònù yọ.

"Fèrè? Ṣé wọ́n máa ń ṣe ìdíje ẹ̀? Ìpínlẹ̀ wo ni?"

Ìyá ti ń wá ẹni tó máa ya fèrè sára aṣọ ajá.