Ṣé lóòótọ́ ni ìwé sọ pé tálákà ló láyọ̀?

Olówó kì í fojú ba oorun, tálákà ní í sùn hanrun. Níbi ìwàásù, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń jiyàn lórí owó, kò sí ibi tí a kì í ti í gbọ́ ọ ní Èkìtì níbí. Wọn a sì ní inú ìwé ló wà. Mo fẹ́ràn ìwé púpọ̀, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí: àwọn ìwé tí wọ́n ń tọ́ka sí gan-an kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ìtàn Kérésì tí Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1843. Ahun paraku ni Scrooge, olówó inú ìtàn náà. Bob Cratchit, akọ̀wé rẹ̀, kò ní nǹkan kan, síbẹ̀ ẹ̀rín kún ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ìwé náà dé. Ọmọ kékeré kan wà nílé yẹn, Tiny Tim, tó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbà tí iwin fi ọjọ́ iwájú han Scrooge, ọmọ náà ti kú. Ìfẹ́ tí baba rẹ̀ ní sí i kò dín rárá, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò gbà á sílẹ̀. Ìgbà tí Scrooge yí padà, tó fi kún owó iṣẹ́ Bob, tó sì dìde ìrànlọ́wọ́ sí ilé náà, ni ọmọ ọ̀hún yè. Dickens mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ ọdún 12 ni ní 1824, nígbà tí wọ́n ti baba rẹ̀ mọ́lé nítorí gbèsè, tí òun alára ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò pọ́líìṣì bàtà nílé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ti ọkùnrin inú ìtàn tó ń tún bàtà ṣe ńkọ́, tó dá owó tí olówó kan fún un padà kó lè rí orin kọ, kó sì rí oorun sùn? Jean de La Fontaine, ará Faransé, ló fi ìyẹn kéwì ní 1678. Ilé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan lòun fúnra rẹ̀ ń gbé nígbà náà.

Nílé wa ńbí, Fágúnwà kò ṣe ìṣẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ nínú Àdììtú Olódùmarè (1961). Ojú ìyà ló fi hàn wá nínú ilé tí wọ́n bí Àdììtú sí. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1947, kò fi ebi tálákà pamọ́ nínú ewì rẹ̀. Àwọn àgbà tó sọ pé òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan, ṣé ayọ̀ ni wọ́n ń ròyìn?

Òótọ́ ni pé olówó inú ìwé máa ń bànújẹ́. Àmọ́ ẹ wò wọ́n dáadáa: ahun ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti lé èèyàn jìnnà sí ara wọn. Owó Scrooge kò dín nígbà tí inú rẹ̀ wá dùn, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í ná an fọ́mọlàkejì.

Ẹni tó bá ń sọ fún olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń retí owó rẹ̀ kó tó lè ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé ayọ̀ kò sí nínú owó, kó má fi ìwé gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.