Skúìdì kì í ṣe àfòpiná

Fídíò ọkọ̀ kan tó tan iná yòò láàárín agbami lóru ti tún dé orí WhatsApp wa. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé skúìdì, ẹran inú òkun ọlọ́wọ́ gígùn nì, fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, pé bí wọ́n bá ti rí iná báyìí, ńṣe ni wọ́n ń ya wá. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi pa òwe lé e: àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Òwe náà dùn gan-an ni. Skúìdì kọ́ ló bá wí ṣá.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó ń tan iná pa skúìdì, pọ̀ ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, níwájú etíkun Argentina. Omi tí Argentina ń ṣọ́ parí ní máìlì òkun 200. Ibi tó kọjá rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Milla 201. Bí àsìkò skúìdì bá dé, ọkọ̀ á tò síbẹ̀ lọ súà. Ti Ṣáínà ló pọ̀ jù, ti Taiwan àti Gúúsù Kòríà náà kì í gbẹ́yìn. Ọkọ̀ kan lè gbé gílóòbù 100 sí 150 kọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 2,000 wáàtì, bí áyọ́ọ̀nù méjì tí ẹ tàn pọ̀. Sátẹ́láìtì ń rí wọn láti òkè bí ẹni rí ìlú ńlá níbi tí ilẹ̀ kò sí.

Ta ló máa rí èyí tí kò ní sọ pé iná ló ń wù wọ́n? Àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ń dúró sí. Òkè ọkọ̀ ni gílóòbù wà, nítorí náà ara ọkọ̀ á da òjìji sínú omi. Inú òjìji yẹn, lábẹ́ ìdí ọkọ̀, ni skúìdì ń kó jọ sí. Ìsàlẹ̀ omi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń wà lọ́sàn-án; bí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n ń gòkè wá jẹun. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ àti kòkòrò omi tó ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ sínú iná, àwọn gan-an ni àfòpiná. Skúìdì lúgọ sínú òkùnkùn bí ológbò abẹ́ tábìlì. Á yọ fìrì, á mú tiẹ̀, á padà.

Ẹnu ààlà ìmọ́lẹ̀ àti òjìji yìí sì ni apẹja ń sọ okùn sí. Ohun tó wà lára okùn náà, potera ni wọ́n ń pè é ní Argentina, òun ni wọ́n fi ń pe ọkọ̀ wọn ní potero. Ike tó gùn tó ìka ọwọ́ ni, ìwọ̀ wẹ́wẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká bí adé. Kò sí ìjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ká okùn náà, wọn kò sì ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀ róbótó: bí ẹyin ló rí, kí okùn lè máa já fìn-ín, kó rọ̀, kó tún já fìn-ín, bí ẹja kékeré tó ń sá lọ. Skúìdì á na ọwọ́ gígùn rẹ̀ méjì, á gbá a mú. Ìwọ̀ náà kò ní ẹ̀gún ẹ̀yìn tó ń há ẹja lẹ́nu, fífà tí okùn ń fà á kò jẹ́ kó bọ́. Bó bá dé etí ọkọ̀ tí okùn yí orí rólà kọjá, òun fúnra rẹ̀ á já bọ́, á máa tu omi àti tàdáwà dúdú káàkiri. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ tú u.

Wọ́n tún ń ṣe potera ní pupa, ní búlúù, ní àwọ̀ ewé. Ojú ọ̀pọ̀ jù lọ skúìdì kì í da àwọ̀ mọ̀, dídán àti ṣíṣú nìkan ló ń rí, nítorí náà mo máa ń rò ó pé ẹni tó ń ra potera ni wọ́n kun ọ̀dà ọ̀hún fún.

Ẹnì kan bi mí pé, kí ló dé tí òṣùpá àrànmọ́jú kì í jẹ́ kí wọ́n rí pa dáadáa? Òótọ́ ni, àwọn apẹja mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ rí i, òṣùpá ń tàn síbi gbogbo. Iná ọkọ̀ kò ní yàtọ̀ mọ́, ààlà òjìji náà kò ní mú.

Àṣìṣe kejì kéré: àwọn kan ní skúìdì tó bá ti tóbi ti gbó. Skúìdì kì í ṣe ẹja rárá, ìbátan ìgbín ni. Ìkarahun rẹ̀ ló ti wọnú ara lọ, tó di ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ike tí ẹ ń fà yọ nígbà tí ẹ bá ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbín lè pẹ́ láyé, ti Argentina yìí kò ju bí ọdún kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń bímọ, á sì kú. Gbogbo èyí tí wọ́n ń pa lọ́dún yìí, àná yìí ni wọ́n bí i, kò sí àgbà kankan tó kù sẹ́yìn nínú omi. Ọ̀pọ̀ èyí tó sì ń já bọ́ sórí ọkọ̀ ní Milla 201 kò tíì yé ẹyin.