Ẹ Sọ Ibi Tẹ́ Ẹ̀ Ń Lọ Kẹ́ Ẹ Tó Wọgbó

Ẹni tó bá fẹ́ wá rin inú igbó lágbègbè Ẹ̀pẹ́ wa yìí, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ yà ní abúlé tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, kí ẹ kí àwọn tí ẹ bá níbẹ̀, kí ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà àti ìgbà tí ẹ máa padà. Ohun tí mo ní í sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ mo mọ̀ pé tí mi ò bá ṣàlàyé, àwọn kan á ní owó ìwọ̀lú la fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ àlejò. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán ná.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ti Èkó wá gidi gan-an. Bọ́ọ̀sì á já wọn sílẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, bàtà ńlá lẹ́sẹ̀, àpò lẹ́yìn, wọ́n á ní háíkìn làwọn wá ṣe. Àwọn ìyá tó ń ta gaàrí létí títì á máa mi orí pé ẹ ò rí àwọn ọmọ tó ń fowó ara wọn ra ìyà. Èmi kì í bá wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Erédò Súngbọ́ tí wọ́n ń wá wò, ogún wa ni, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbà tí a bá ń wá ewúrẹ́ tó sọnù nìkan la máa ń débẹ̀. Yàrà àti òkítì tí àwọn baba ńlá wa fọwọ́ gbẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160. Níbi tó bá ti ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó òkítì lè tó mítà 20. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń yọ̀, ewédò bò ó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń rin gbindin tójò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó onímọ̀ ti wọ̀ ọ́ wò, wọ́n kọ nípa rẹ̀, ayé gbọ́. Kí ló dé tí ọmọ Yorùbá ò ní wá wò ó?

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ a máa yọ̀.

Lásìkò òjò tó kọjá, ọmọkùnrin kan já sínú yàrà náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá, ó kàn dúró sẹ́yìn láti ya fọ́tò ni, àwọn yòókù sì ń sọ̀rọ̀ lọ níwájú. Itan rẹ̀ dá. Wọ́n padà, wọ́n ń pè é, kò sí ìdáhùn. Kì í ṣe pé kò dáhùn o. Ohùn èèyàn kì í rìn jìnnà nínú kòtò jíjìn tí igi àti ìtàkùn bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ké nísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè lè má gbọ́ nǹkan kan. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sáré títí ó fi jáde sí títì, ó pe 112. Wọ́n bi í pé ibo gan-an ló wà. Ó ní nínú igbó, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ẹ ò rí i pé wàhálà ti dé! Igbó tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí yìí, ó sì lọ títí wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ náà ò mọ orúkọ abúlé kankan tí wọ́n gbà kọjá, torí wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Akọpẹ kan tó wà lórí ọ̀pẹ ló gbọ́ ìkérora. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pe àwọn ọdẹ méjì tó mọ̀ pé wọ́n wà lóko nítòsí. Wọ́n gé ọparun méjì, wọ́n so ìró ìyàwó ọ̀kan nínú wọn mọ́ ọn, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí i, wọ́n wá fi igbà tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ kún okùn tí wọ́n ní, wọ́n fà á gòkè níbi tí ògiri ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó gbé e dé títì. Ọ̀kadà ò lè gbé ẹni tí itan rẹ̀ dá, wọ́n sì tún dúró de mọ́tò ẹlẹ́ja kan tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, torí àwọn èèyàn rò pé ẹsẹ̀ tó dá kì í pani. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú itan tí eegun rẹ̀ dá lè lé ní lítà kan láìjẹ́ pé ẹ rí ìkankan lóde. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà ò sì ju bíi lítà márùn-ún lọ. Ẹ tún fi òtútù kún un. Ẹni tó bá sùn sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù fún wákàtí púpọ̀, òtútù lè pa á, ní Ẹ̀pẹ́ níbí o, kò dìgbà tí yìnyín bá já. Gbígbé e náà ní ewu tirẹ̀. Bí ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, tí ẹ wá di apá mú tí ẹ fà á bí ẹni fa àpò ẹ̀gẹ́, ẹni tí ì bá tún rìn lè di ẹni tí wọ́n ń gbé kiri títí ayé. Orí ló bá ọmọ náà ṣe é tí àwọn ọdẹ yẹn fi ronú kan ọparun.

Létí títì tún nìyẹn, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ṣé ọsibítù jẹ́nẹ́rà ni wọ́n ń gbé e lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun? Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun, ọ̀kan nínú wọn ló to ọrùn ọwọ́ àbúrò mi tó fi san pátápátá. Àmọ́ itan kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ná, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú, kí wọ́n fà á lẹ́jẹ̀ bó bá yẹ. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ síbòmíràn lẹ́yìn ìyẹn, òun ló mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ ẹlẹ́ja yẹn tó ní òun ò gbọ́, òun ń lọ sí ọsibítù.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé tó bá jẹ́ ìlú òyìnbó ni, hẹlikọ́pítà á ti dé láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Aron Ralston fún yín. Ẹni ọdún 27 ni, ará Amẹ́ríkà, gígun òkè kì í ṣe nǹkan tuntun sí i rárá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2003, ó dá wọ àfonífojì tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Bluejohn Canyon, ní ìpínlẹ̀ Utah. Òkúta kan yẹ̀ lójú ibi tó wà, wọ́n ní ó wúwo tó kìlógíráàmù 360, ó há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara àpáta. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ wà, omi díẹ̀ wà. Ẹni tó mọ ibi tó wà ni kò sí. Kò sọ fún ìyá, kò sọ fún ọ̀rẹ́. Wákàtí 127 ló lò níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ikú ló kù, ó fúnra rẹ̀ ṣẹ́ eegun apá rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ kékeré tí kò mú gé e kúrò, ó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ nínú oòrùn títí ó fi pàdé ìdílé kan tó wá láti Netherlands. Hẹlikọ́pítà ti ń wá a lójú ọ̀run nígbà yẹn, torí ìyá rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi igbe ta pé àwọn ò rí i. Amẹ́ríkà ní hẹlikọ́pítà o. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e gbà.

Ìdí tí mo fi ń pariwo kí ẹ yà lábúlé nìyẹn.

Mo mọ ìdí tí wọn kì í fi í yà, mi ò ní dá wọn lẹ́bi tán. Ilẹ̀ ti di wúrà níbí. Láti ìgbà tí ilé ìfọpo ńlá ti dé Ìbẹ́jú-Lẹ́kki, ẹnikẹ́ni tó bá wọ bàtà gígùn wọgbó, tó ń wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, lójú àwọn ará oko, sọ̀fíọ̀ ni, tàbí ọmọ iṣẹ́ ajàgungbalẹ̀. Wọ́n ti rí irú wọn rí, tó fi ẹ̀rín kí wọn lọ́sẹ̀ yìí, tí katapílà dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ní ajínigbé ni wọ́n. Àwọn arìngbó náà sì ń bẹ̀rù ajínigbé. Kálukú ń sá fún ẹnì kejì lọ́nà oko kan náà.

Àwọn ọmọ kan tún wà tó ń dúró lójú ọ̀nà gbowó láìsí rìsíìtì, tí wọ́n ní owó ilẹ̀ baba àwọn ni. Mo ń sọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n bínú bí wọ́n bá fẹ́: ìwà yẹn ń pààyàn. Ẹni tí ẹ bá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa gbà lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀nà ẹ̀yìn náà ló sì máa ṣubú sí, níbi tí akọpẹ kankan ò ti ní gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kò dìgbà tí a bá ní hẹlikọ́pítà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń lọ gbé ẹni tó ṣubú lórí òkè kì í gbowó oṣù, aráàlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n, iṣẹ́ oòjọ́ tiwọn wà lọ́tọ̀. Ní Switzerland, hẹlikọ́pítà ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Rega, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, owó tí aráàlú ń dá lọ́dọọdún ló pọ̀ jù nínú ohun tó gbé e ró. Àwa náà ti ní àwọn èèyàn tiwa: ọdẹ, akọpẹ, àwọn tó mọ igbó lóru. Ohun tí wọn ò ní ni tọ́ọ̀ṣì tó dáa, okùn tó nípọn, àti ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ arìngbó kọ̀ọ̀kan dá owó díẹ̀ sí i, kó sì gba ọ̀kan nínú wọn láti máa ṣamọ̀nà.

Ẹ̀yin arìngbó náà, ẹ ra fèrè, irú èyí tí rẹfirí ń fọn. Kò wọ́n, kì í lo bátìrì, kì í há bí ọ̀fun. Àmì tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun òkè ń lò ni kí ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á fọn tirẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọdé tó wà ní àwọn abúlé etí Erédò mọ èyí.

Àwọn òbí ọmọ tó ṣubú padà wá dúpẹ́, wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n fún àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lówó, wọ́n sì ra ìró tuntun fún ìyáàfin yẹn. Ó wú mi lórí. Àmọ́ oore ni, kì í ṣe ètò.

Ètò ló gbé mi lọ kí Baálẹ̀ abúlé kan. Mo ní, Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìwé kan síbí, kí ẹni tó bá ń wọgbó kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù ará ilé rẹ̀, ọ̀nà tó fẹ́ gbà àti ìgbà tó máa jáde. Bàbá ní ó dáa, àmọ́ ẹ̀rù kan ń ba òun: bí ẹnì kan bá sọnù sínú igbó, tí àwọn ọlọ́pàá bá dé, tí wọ́n rí orúkọ ẹni náà nínú ìwé òun, ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó sínú mọ́tò? Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀yin lọ́yà tó bá wà láàárín yín, ẹ dákun, kí la lè kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yẹn tí ọkàn Bàbá á fi balẹ̀?