Luther kò yọ ìwé Jákọ́bù kúrò nínú Bíbélì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Ẹ kọ ọ́ lánàá pé àwa ọmọ ìjọ Lútérù gbà pé ìgbàgbọ́ nìkan ti tó, kí oníkálukú máa hùwà bó ṣe wù ú, àti pé Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tí ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, yọ ìwé Jákọ́bù, èyí tó ní ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́ jẹ́ òkú, kúrò nínú Bíbélì. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Luther tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde lédè Jámánì lọ́dún 1522, Jákọ́bù wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó fi ìwé náà wé koríko gbígbẹ (ọ̀rọ̀ yẹn le jù lójú tèmi), àmọ́ kò yọ ọ́. Lọ́dún yẹn náà ló kọ ọ́ síwájú ìwé Róòmù pé ìgbàgbọ́ wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè iṣẹ́ rere, ó ti ṣe é.

Éfésù 2:8-9 lẹ kà, pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́. Ẹ ka ẹsẹ 10 mọ́ ọn: a dá wa fún iṣẹ́ rere.

Ìyá mi ń ta gàrí ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, níbí ní Iléṣà. Kò tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú rí, bó bá sì wọ̀n ọ́n tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kì í ṣe pé ó ń fi ra ìgbàlà. Ó gbà pé Kristi ti gba òun là, aládùúgbò òun sì ni ẹni tó na báàgì sí òun yẹn.

Ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ, ẹ̀gbọ́n.