Owó tó wọlé kọ́ ni èrè: ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀

Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 2026, ohun tí mò ń gbọ́ ṣáá ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa ní Abẹ́òkúta, ni pé ìjọba fẹ́ máa gé nínú gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Orí èrè ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi hàn pé báyìí ni èrè òun mọ? Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ìyá kan wà tí ìsọ̀ wọn kọjú sí tèmi, àdìrẹ ni wọ́n ń tà, ó ti lé ní 20 ọdún. Wọn ò fi ìwé owó orí, èyí tí èèyàn fi ń sọ iye tó wọlé fún un lọ́dún, ránṣẹ́ rí, torí wọ́n gbà pé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wọn lọ́jà ti tó. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé lọ́jọ́ kan láti ọ́fíìsì owó orí, iye tó wà níbẹ̀ ba ìyá lẹ́rù. Òfin sì fàyè gbà á: bí o kò bá sọ iye tó wọlé fún ọ, òṣìṣẹ́ owó orí lè fojú díwọ̀n rẹ̀.

Mo bá wọn jókòó ti ìwé báńkì wọn. Owó àjọ tí wọ́n kó wà níbẹ̀, owó ara wọn tí wọ́n ti ń dá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Owó tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Kánádà fún ìtọ́jú ojú wà níbẹ̀. Owó tí oníbàárà kan láti Kánò san náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ funfun, aró, sódà, àbẹ́là àti owó iṣẹ́ àwọn aláró ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lọ. Lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, owó ọjà ni gbogbo ẹ̀. Èèyàn ní 30 ọjọ́ láti kọ̀wé pé òun ò fara mọ́ iye tí wọ́n bù fún òun. A kọ ọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n béèrè, ìyá ò sì ní rísíìtì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ₦6,000,000 ló wọlé fún aládìrẹ kan lọ́dún, tó sì ná ₦4,200,000 sórí ọjà, owó ìsọ̀, iná àti ọkọ̀. Èrè ẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Bó bá ń san ₦300,000 fún ilé tó ń gbé, òfin yóò yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn ₦60,000 (kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ fún ẹnikẹ́ni). ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Ó ku ₦940,000, náírà 15 nínú 100 ni wọ́n sì ń gbà lórí ìyẹn: ₦141,000. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ka gbogbo ₦6,000,000 sí èrè, tí wọn ò yọ ìnáwó tàbí owó ilé kankan, ₦870,000 ni, torí bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ ń ga sí i! Ìwé nótì tí kò wọ́n rárá ló máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ni gbèdéke láti fi ìwé owó orí ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá fi ìwé sílẹ̀, ₦100,000 ni ìtanràn oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Kódà bí èrè rẹ ò tó ₦800,000, fi tìrẹ ránṣẹ́. Ìpínlẹ̀ tó ò ń gbé ni wàá fi í sí, ìbáà jẹ́ Èkó lo ti ń ta gbogbo ọjà rẹ.

Àwa Ẹ̀gbá kì í ṣe àlejò owó orí. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ja Ogun Àdùbí ní 1918. Ní 1947, àwọn ìyá wa tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin ní Aké, torí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn láìní aṣojú kankan níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹ̀, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kíní 1949. Lónìí, òfin ní kí ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ sọ iye tó o pa. Ó ká mi lára gan-an bí a ṣe ń fi ẹnu yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti bá wa sọ ọ́.

Ìjọba náà gbọ́dọ̀ ṣe tiwọn. Kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù owó orí ní Yorùbá, kí wọ́n sì gbé ẹni tó máa ṣàlàyé ẹ̀ wá sí àwọn ọjà wa ní Ìtòkú, Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá, kó tó di pé oṣù Kẹta wọlé, kì í ṣe ìgbà tí ìtanràn bá ti ń ka oṣù.

Ní báyìí, ọmọ-ọmọ ìyá yẹn ló ń bá wọn kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ewé kan fún ọjà, ọ̀kan fún ìnáwó, ọ̀kan lọ́tọ̀ fún àjọ àti owó tí àwọn ọmọ bá fi ránṣẹ́. Rísíìtì wà nínú páálí bàtà lábẹ́ tábìlì, torí a gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn fún ọdún 6. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe la ìwé náà, kó yà sọ́dọ̀ mi ní Ìtòkú. Màá fi hàn án, mi ò ní gba kọ́bọ̀.