Sọ́kàwéè tí kì í kún kì í ṣe sọ́kàwéè tó dára

Bàbá onílé kan tí mo lọ kí ní abúlé kan ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Igbó ṣí ìdérí sọ́kàwéè wọn fún mi, kí n lè fojú ara mi rí i pé omi inú rẹ̀ kò dé ìdajì ògiri. "Wò ó, ọmọ mi, ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti kọ́ ọ, mi ò pe ọkọ̀ wá fà á rí." Kànga tí wọ́n ti fa omi tí wọ́n fi ṣe mí lálejò kò ju ìṣísẹ̀ 12 lọ sí ibi tí a dúró sí.

Bàbá yìí nìkan kọ́ ló gbà pé sọ́kàwéè tí kì í kún ni ojúlówó. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí ni àwọn kan ṣe ń sọ fún bíríkìlà pé kó gbẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi kan omi, kó to búlọ́ọ̀kù láìfi símẹ́ńtì dí àárín wọn, kó má sì da kọnkéré sí ìsàlẹ̀, kí ẹ̀gbin lè máa bá ilẹ̀ lọ.

Kòtò méjì ló yẹ kó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sọ́kàwéè ni a ń pe méjèèjì. Èkíní ni táńkì, tí ohun tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ ń wọ̀. Inú rẹ̀ ni ohun tó wúwo ti ń rọ̀ sísàlẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tí ọ̀rá ń léfòó, tí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí kò nílò afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ìdọ̀tí náà díẹ̀díẹ̀. (Àwọn kòkòrò yìí ni a ń pa bí a bá ń da òògùn apakòkòrò sínú rẹ̀.) Omi àárín ni páìpù ń gbé lọ sí kòtò kejì, ìyẹn sọ́kàwéè gan-an, kí ilẹ̀ lè fà á mu. Kòtò kejì yìí ni a kì í fẹ́ kó kún. Táńkì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu páìpù tí ń gbé omi jáde nígbà gbogbo, nítorí bí omi kò bá dúró, kò sí ohun tí yóò rọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Táńkì tí ó gùn ní mítà 3, tí ó fẹ̀ ní mítà 1.5, tí omi rẹ̀ sì jìn ní mítà 1.5, lítà 6,750 ni yóò gbà. Bí ènìyàn 6 bá ń gbé inú ilé náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń da lítà 50 sí i lójúmọ́, kò ní ju ọjọ́ 23 lọ tí yóò fi kún. Bí kòtò bàbá yẹn kò bá wá dé ìdajì, níbo ni omi 20 ọdún gbà lọ, bí kò ṣe inú ilẹ̀?

Ní àwọn abúlé etí ọ̀sà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi abẹ́ ilẹ̀ a máa gòkè wọ inú kòtò, a sì gbé ohun tó bá níbẹ̀ rìn. Ní ìhà Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀gbin tó bá bọ́ sí ibi tí àpáta ti là lè rìn jìnnà láìsí iyanrìn tí yóò sẹ́ ẹ. Omi kànga lè mọ́ gaara síbẹ̀, nítorí kòkòrò onígbáméjì àti ti táífọ́ọ̀dù kì í yí àwọ̀ omi padà. Sísè yóò pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè mú nitrate kúrò, ìyẹn èròjà kan tó ń ti inú ẹ̀gbin wọ omi, tí ó sì léwu fún ìkókó tí a bá fi omi náà po mílíìkì fún.

Àwọn kan ní òfin kò dé abúlé, àfi bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ìtàn wolé-wolé tí wọ́n máa ń ṣí ìkòkò omi wò nítorí tanwíjí. Mítà 30 ni òṣùwọ̀n tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lò fún àlàfo àárín kòtò ẹ̀gbin àti kànga, ìsàlẹ̀ kòtò náà sì gbọ́dọ̀ fi mítà 1.5 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó kéré tán. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju bíi mítà 18 sí 37 lọ. Ẹni tó gbẹ́ kànga síwájú ilé, tó gbẹ́ táńkì sẹ́yìn, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ rí mítà 30 náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kànga aládùúgbò.

Ní ti owó, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún 3 sí 5 ni ó yẹ kí a fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú táńkì. Bí abúlé bá ṣe jìnnà sí ìlú tó ni owó ọkọ̀ ń pọ̀ tó, nítorí náà ó dára kí aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta pè é lọ́jọ́ kan náà. Bí táńkì tí kò jò kò bá rí ẹni fà á, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò gòkè wọ kòtò kejì, yóò dí ojú ilẹ̀ níbẹ̀, àfi kí onílé tún gbẹ́ òmíràn, èyí tí owó búlọ́ọ̀kù, irin àti símẹ́ńtì rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ fíìfíì.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ lè dán táńkì rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ó pọn omi kún un, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé, kí ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbi àmì náà, kí bíríkìlà padà wá rẹ́ ẹ kí ó tó gba owó iṣẹ́ tó kù.