Ìyá, Ẹ Yà Díẹ̀, À Ń Ya Ahoro

Fáàrí tuntun ti wọ Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wa tó ra kámẹ́rà kò ya ìnáwó mọ́. Ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí, gbogbo ìyẹn ti di iṣẹ́ àwọn tí ojú wọn kò là. Ahoro ni wọ́n ń yà báyìí: ilé ìwòsàn tí owó rẹ̀ tán kí wọ́n tó kùn ún, ilé ẹ̀kọ́ tí igbó ti wọ kíláàsì, ọ́fíìsì ìjọba tí àdán ti di ọ̀gá ibẹ̀. Bí ògiri bá ti sán, tí igi ọ̀dán yọ lójú fèrèsé, ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí àfẹ́sọ́nà.

Wọ́n ní aṣọ tiwọn. Dúdú látòkè délẹ̀, bàtà sójà, tọ́ọ̀ṣì níwájú orí, ìbòmú. Lókè òkun, ìbòmú yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, torí eruku asbestos inú àwọn ilé àtijọ́ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn tiwa fà á wálẹ̀ sí àgbọ̀n kí ojú lè hàn lórí Instagram.

Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ní Beelitz, nítòsí Berlin ní Jámánì, ilé ìtọ́jú oníkọ́ ife kan wà tí wọ́n ti tọ́jú Adolf Hitler nígbà tó jẹ́ sójà lọ́dún 1916. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó gbà á lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kó lọ, oníkámẹ́rà ya bo ibẹ̀. Àwọn ará Jámánì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní 2015 wọ́n ṣe afárá gba orí igi kọjá lókè ahoro náà, wọ́n ń ja tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ Danvers ní Massachusetts, tó ṣí ní 1878 tó kógbá sílé ní 1992, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ayálégbé síbẹ̀.

Òfin àwọn tó ń ya ahoro lọ́hùn-ún ni pé fọ́tò nìkan ni kí èèyàn mú jáde, ipasẹ̀ nìkan ni kó fi sílẹ̀. Àwọn tiwa náà ń gbé ọwọ́ lé àyà ka òfin yìí. Kí ni wọ́n fẹ́ mú? Àwọn tó mọ iyì wáyà ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Páànù ti lọ, fèrèsé ti lọ, àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an ti ń ṣiṣẹ́ nílé ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá pagidínà sí ni pé ahoro tí kò ní olúgbé kò sí ní Ìbàdàn. Ẹ wọ yàrá tí wọ́n ní kó jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ, ẹ óò bá èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wòlíì tó ń gbààwẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọkùnrin tó ń fa igbó, tí wọ́n ń gba owó ìwọlé bíi ti Jámánì, àfi pé àwọn kì í ja tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn pátá ni oníkámẹ́rà gbọ́dọ̀ bẹ̀ kúrò kí ilé tó jọ ibi tí kò sẹ́ni.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀, ẹ bá wa kó èlùbọ́ yín. Òfìfo la fẹ́ yà."

Ìyá á wò wọ́n láti bàtà dé tọ́ọ̀ṣì. "Òfìfo wo? Láti ọjọ́ tí kọngílá ti sá ni mo ti ń sá èlùbọ́ níbí. Orí yín ló ṣófo."

Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó náà ti dá sí i. Wọ́n á wọ kóòtù àti gáùnù funfun, wọ́n á dì mọ́ra níwájú ilẹ̀kùn mọ́ṣúárì. Príwẹ́dìn nìyẹn, Ọgbà Agodi sì wà níbẹ̀ o, tòun ti omi àti òdòdó. Ìyá ọkọ tó bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọmọ rẹ̀ bóyá ìyàwó ló fẹ́ gbé tàbí òkú.

Ṣé wọ́n ti gbàgbé Ṣókà, n'Ìbàdàn níbí, ni? Oṣù kẹta ọdún 2014 ni àwọn ọlọ́kadà tó ń wá ẹgbẹ́ wọn tó sọnù já wọ ilé ahoro kan nínú igbó níbẹ̀. Wọ́n bá egungun èèyàn, wọ́n bá àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè tí ebi ti sọ di egungun láàyè. Láti ìgbà náà, bí ará àdúgbò bá rí àlejò tó wọ dúdú, tó ń yọ́ jáde nínú ahoro tòun ti àpò ńlá, kì í béèrè irú lẹ́ńsì tó wà nínú rẹ̀. Táyà ló ń wá kiri.

Bó bá sì jẹ́ kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn tó ṣókùnkùn birimù ni wọ́n ń fẹ́, ìparí 2024 wọ inú 2025, ó lé ní ọjọ́ 100 tí wọ́n fi já iná UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Orítamẹ́fà n'Ìbàdàn, torí gbèsè. Òkùnkùn ọ̀fẹ́, kò sí ọmọ igbó lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí kò gbé kámẹ́rà lọ sí Orítamẹ́fà nígbà náà. Ó ní aláìsàn ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n á ba fọ́tò jẹ́.